Àṣá àti Àwòdì Ń Du Màmá

1

…ó sì fi èjìká ọ̀tún tẹ̀ lé orí, ó fi ti òsì tẹ̀ lé ọ̀tún, ó yí ìdí díẹ̀ bí ẹni tó ń jó lórí ìjókòó, ó sì bọ́ sínú apá bàálù pátápátá. Ihò tó gbà wọlé kò fẹ̀ ju ìdérí ìkòkò ńlá lọ. Ẹni tó sanra kò gbọdọ̀ dán an wò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibi iṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ọ̀kẹ́rẹ́, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e délé bí ajá tó mọ olówó rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀, kó mọ̀ báyìí: inú apá ni epo bàálù ń gbé. Iṣẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ni láti dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn pẹ̀lú iná lórí, kó máa fi àtè dí gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin. Tó bá jáde tán, wọn á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú apá náà, wọn á fi omi ọṣẹ ra ara rẹ̀ lóde. Ibi tí ọṣẹ bá ti hó, ibẹ̀ ń jò.

Ti Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í hó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, ó jáde, ó nu ọwọ́, ó tan fóònù. Màmá ti pè títí ó fi sú u. Kí ó tó pè é padà, ojú rẹ̀ lọ sára ògiri, níbi tí wọ́n ti lẹ bébà tuntun mọ́.


2

ÀKÍYÈSÍ
SÍ GBOGBO ÒṢÌṢẸ́ ILÉ-IṢẸ́ ÀWÒDÌ

Nítorí ẹjọ́ tó wà láàárín wa àti Ilé-iṣẹ́ Àṣá ní Ilé-ẹjọ́ Òwò, òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ Àṣá sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ lórí fóònù, lójú ọ̀nà, tàbí nídìí oúnjẹ.

Ẹni tó bá ní ìbátan lọ́dọ̀ wọn, kí ó wá kọ ọ́ sílẹ̀.


3

Ní òdìkejì odò, lára ògiri Ilé-iṣẹ́ Àṣá, àkíyèsí kan náà ni. Ẹ pa orúkọ méjèèjì dà, ẹ ti kà á tán.


4

Ọ̀kan nínú bébà tí wọ́n kọ lọ́dọ̀ Àṣá. Ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní Onílẹ̀kùn, nítorí ìlẹ̀kùn bàálù ló ń ṣe.

Ta ni ìbátan yín tó wà ní Àwòdì?
     Àbúrò mi obìnrin.

Báwo lẹ ṣe tan?
     Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn.

Níbo lẹ ti máa ń pàdé?
     Nídìí oúnjẹ Màmá.

Kí lẹ máa ń sọ níbẹ̀?
     Á ní bàálù tiwọn ló dára. Èmi á ní irọ́ ni.

Ṣé ó ti bi yín ní àṣírí rí?
     Ó bi mí pé ta ló jẹ ẹran òun. Mi ò sọ.


5

Ẹjọ́ náà kò le láti yé ènìyàn. Àtiparí rẹ̀ ló le.

Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Olú ilé-iṣẹ́ Àṣá wà ní ilẹ̀ òkèèrè kan, ti Àwòdì wà ní òmíràn; ẹ̀ka lásán ni méjèèjì tó kọjú síra wọn létí odò yìí. Àṣá ní ìjọba ilẹ̀ Àwòdì ń yá Àwòdì lówó tí kò ní èlé. Àwòdì ní ìjọba ilẹ̀ Àṣá ń dín owó-orí kù fún Àṣá. Àṣá pe Àwòdì lẹ́jọ́. Àwòdì pe Àṣá padà. Ilẹ̀ kìíní bu owó ibodè lé bàálù ilẹ̀ kejì. Ilẹ̀ kejì fi ìbínú bu owó ibodè lé wàràkàṣì, báàgì aláwọ, àti ọtí tí wọ́n fi èso ṣe.

Kí ló kan wàràkàṣì nínú ọ̀rọ̀ bàálù? Ẹ má bi mí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó ẹni tó gbá a létí ni í fi àga gbá ilẹ̀.

Nígbà tí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé.


6

Ìdí tí Màmá fi ń pè. (Kí ó tó pe ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Òkèèrè, ti kọ́kọ́ pe òun.)

MÀMÁ ÒKÈÈRÈ: Ṣé ìwọ nìyẹn?
MÀMÁ: Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàsán o.
MÀMÁ ÒKÈÈRÈ: Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ ojú mi ní ọjọ́ Ẹtì.
MÀMÁ: A dúpẹ́.
MÀMÁ ÒKÈÈRÈ: Má tíì dúpẹ́. Mo ti sọ fún dókítà pé tí àbúrò mi ò bá dé, mi ò ní sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.
MÀMÁ: Ẹ̀gbọ́n mi.
MÀMÁ ÒKÈÈRÈ: Tí wọ́n bá ṣí i, ojú ta ni kí n kọ́kọ́ rí? Ti nọ́ọ̀sì?
MÀMÁ: Nọ́ọ̀sì náà ò ṣẹ̀ yín.
MÀMÁ ÒKÈÈRÈ: Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mo mọ̀. Ọmọ méjì lo bí, méjèèjì ń ṣe bàálù, ìwọ fúnra rẹ ò wọ bàálù rí. Tí mo bá sọ fún àwọn ará àdúgbò níbí, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa.
MÀMÁ: Àwọn ọmọ ní kí n dúró ni.
MÀMÁ ÒKÈÈRÈ: Dúró de kí ni?


7

Ìbéèrè náà dára.


8

Aránṣọ ni Màmá. Yàrá iwájú ni ó ti ń ránṣọ: màṣíìnì lẹ́bàá fèrèsé, téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì létí, sìsọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi gé bébà. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, ìdí màṣíìnì yìí ló ti tọ́ wọn. Nígbà tí Onílẹ̀kùn ríṣẹ́ ní Àṣá, ó ní, “Màmá, bàálù tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, èmi ni n óò ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀.” Inú Màmá dùn.

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ríṣẹ́ ní Àwòdì, ó ní, “Màmá, bàálù tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, èmi ni n óò dí apá rẹ̀.” Inú Màmá tún dùn.

Ìgbà yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Màmá di ẹrù láti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onílẹ̀kùn ní kó sinmi, bàálù tuntun ti Àṣá kù díẹ̀ kó jáde. Ó jáde. Màmá tún di ẹrù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kó sinmi, ti Àwòdì tó ń bọ̀ lọ́nà máa jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń di dídì, tí ó ń di títú, tí ìyá àwọn tó ń ṣe bàálù ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí igi tí ẹyẹ bà lé lórí tí òun fúnra rẹ̀ kò lè fò.

(Bóyá ó yẹ kí èyí ṣáájú. Ẹ má bínú. Ó ti wà níbí báyìí.)


9

Gúrúùpù fóònù tí wọ́n ń pè ní ILÉ WA, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

ONÍLẸ̀KÙN: Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá. Àlọ ní Ọjọ́bọ̀. Bàálù Àṣá ni.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá. Àlọ ní Ọjọ́bọ̀. Bàálù Àwòdì ni.
ONÍLẸ̀KÙN: Kí lo sọ?
Ọ̀KẸ́RẸ́: Kí lẹ̀yin náà sọ?
ONÍLẸ̀KÙN: Dá tìẹ padà.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Kò ṣe é dá padà, Bọ̀dá mi. Ẹ dá tiyín padà.
ONÍLẸ̀KÙN: Tèmi náà ò ṣe é dá padà.
MÀMÁ: [àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ àti apá kan màṣíìnì]
Ọ̀KẸ́RẸ́: Màmá, kí nìyẹn?
MÀMÁ: Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni
BÀBÁ KÉKERÉ: Ọkọ̀ ojú irin wà.


10

Bàbá Kékeré ni àbúrò bàbá wọn. Ọkọ̀ ojú irin ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ níwájú rẹ̀ tí kò ní gba orí irin kọjá.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin tó bá gbéra ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Àìkú ló ń débẹ̀. Iṣẹ́ abẹ sì rèé, ọjọ́ Ẹtì ni. Tí Màmá kò bá wọ bàálù, Màmá Òkèèrè kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ojú òun, dókítà náà á sì kọjá sí ìlú mìíràn. Kì í ṣe ẹni tó ń dúró.

Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ní kó yan ọ̀kan, ó dáhùn pé òun kò ní yàn.

“Tí mo bá wọ ti Ọ̀kẹ́rẹ́, Onílẹ̀kùn ò ní jẹun nínú ilé yìí fún oṣù kan. Tí mo bá wọ ti Onílẹ̀kùn, Ọ̀kẹ́rẹ́ á máa rẹ́rìn-ín, á sì máa dùn ún. Èmi ni mo bí yín. Mo mọ èyí tó ń pariwo, mo mọ èyí tó ń gbé e mì. Ẹ parí ẹ̀ láàárín ara yín, tàbí kí n bá Bàbá Kékeré wọ ọkọ̀ rẹ̀.”


11

(Àfo. Ojú ọ̀run nìkan ló wà níbí.)


12

A kọ ọ́ sẹ́yìn bébà tí Màmá fi ń gé àwòṣe ẹ̀wù:

ILÉ-ẸJỌ́ YÀRÁ ÌRÁNṢỌ
Ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́.
Adájọ́: Bàbá Kékeré.
Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó lé aṣọ oníbàárà.


13

Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀.

BÀBÁ KÉKERÉ: Kí olùpẹ̀jọ́ dìde.
(Àwọn méjèèjì dìde.)
BÀBÁ KÉKERÉ: Ta wá ni wọ́n pè lẹ́jọ́?
(Wọ́n nawọ́ síra wọn.)
BÀBÁ KÉKERÉ: Ó dáa. Ẹ jókòó. Onílẹ̀kùn, ìwọ lẹ̀gbọ́n. Sọ tìẹ.
ONÍLẸ̀KÙN: Ẹ ṣé, Bàbá Kékeré. Ìlẹ̀kùn tiwa, tí mo bá ṣe é tán, mo máa ń fi bébà há etí rẹ̀ yíká, mo máa ń tì í, mo wá ń fa bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan péré bá yọ, iṣẹ́ ò tíì parí. Bí bàálù bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ àyè ẹ̀ sí i. Ogún èèyàn ò lè ṣí i lójú ọ̀run.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Ta ló fẹ́ ṣí i lójú ọ̀run?
ONÍLẸ̀KÙN: Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un.
BÀBÁ KÉKERÉ: Mo kìlọ̀ fún ẹ. Sọ tìẹ náà.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Bàbá Kékeré, ẹ ti rí ẹyẹ tó fi ìlẹ̀kùn fò rí?
BÀBÁ KÉKERÉ: Rárá.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Mo ti sọ tèmi tán.
(Màmá ń ránṣọ. Ó rẹ́rìn-ín sínú kọ́là ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.)
ONÍLẸ̀KÙN: Mo ní ẹ̀sùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fún Màmá ní ìrànwọ́ tí kò tọ́. Ó ra bàtà fún wọn.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Ṣé kí wọ́n wọ bàálù láìwọ bàtà?
ONÍLẸ̀KÙN: Bàtà ìrìn-àjò ni. Aláwọ̀ búlúù. Àwọ̀ Àwòdì.
MÀMÁ: Ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu, ká sòótọ́.
ONÍLẸ̀KÙN: Ẹ ò rí nǹkan? Ó ti ń ṣiṣẹ́.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Bọ̀dá mi, ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló kun yàrá yìí ní ọ̀dà lánàá?
ONÍLẸ̀KÙN: Ọ̀dà ògiri ń ṣí.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Ó ti ń ṣí kí n tó mọ̀wé kà. Ọ̀sẹ̀ tí Màmá máa wọ bàálù lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i?
BÀBÁ KÉKERÉ: Bàtà wà. Ọ̀dà wà. Ẹ̀yin méjèèjì ló jẹ̀bi.
ONÍLẸ̀KÙN: Tó bá jẹ̀bi, kó má gba ẹnu ọ̀nà tí mo tún ṣe wọlé mọ́.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Ibo ni kí n gbà?
ONÍLẸ̀KÙN: Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́ ni ẹ́? Gba fèrèsé.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Ó dáa. Àga tí ẹ jókòó lé yẹn, èmi ni mo rà á. Ẹ dìde.
(Onílẹ̀kùn dìde. Ó wo yíká. Gbogbo àga tó kù ló ní aṣọ oníbàárà lórí. Ó dúró bẹ́ẹ̀.)
Ọ̀KẸ́RẸ́: Bàbá Kékeré, mo bẹ̀ yín, mi ò fi ṣàfojúdi. Ẹ̀yin náà, ọkọ̀ ojú irin lẹ wà. Ṣé ẹ lè dá ẹjọ́ bàálù?
BÀBÁ KÉKERÉ: Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi ní ṣègbè. Mi ò fẹ́ràn ìkankan.


14

ÌDÁJỌ́

Lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ẹnu méjèèjì, tí a kò sì gbádùn ìkankan: ọkọ̀ ojú irin ni kí ìyàwó wa wọ̀. Kì í ga. Tó bá bàjẹ́, ènìyàn á sọ̀ kalẹ̀, á na ẹsẹ̀, á sì bá àwọn ará ọkọ̀ tàkúrọ̀sọ. Bàálù kò ní irú ìyẹn.


15

Màṣíìnì dákẹ́.

Ẹni tó bá mọ ilé yẹn mọ̀ pé nígbà tí màṣíìnì bá ń dún, Màmá ń gbọ́. Nígbà tó bá dákẹ́, Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó yọ téèpù lọ́rùn. Ó ká a wé ọwọ́, díẹ̀díẹ̀, kò yára.

“Ọkọ mi,” ó wí fún Bàbá Kékeré, “ẹ ṣeun. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ yín.”

“Sọ́dọ̀ ta ni?” Bàbá Kékeré bi í.

“Sọ́dọ̀ ara mi.”

Ó kọjú sí àwọn ọmọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ti ń wá ẹ̀rín tó máa rín, ó gbé e mì.

“Ẹ̀yin lẹ ń ṣe ohun tó ń fò. Ẹ̀yin náà lẹ so mí mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dìde, ọ̀kan nínú yín á ní kí n jókòó, kí n dúró de èyí tó dára jù. Kì í ṣe àìsàn ojú nìkan ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.”

Onílẹ̀kùn, tó ṣì wà lórí ìdúró, wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbìyànjú láti ka ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti wí pé “ẹ dúró”. Kò kà á délẹ̀. Ó mọ ìgbà tí apá bá ń jò. Ọṣẹ á hó. Kò sí ọṣẹ tó hó nínú ilé yìí. Màmá kàn ń tú ẹrù, ó ń kó aṣọ padà sínú àpótí ni.

“Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì wá,” Màmá wí. “Bàálù méjèèjì jọ ń lọ síbì kan náà, wákàtí kan náà. Èmi ni mo máa yàn, nígbà tí mo bá wọlé tán. Ẹ ò ní tẹ̀ lé mi kọjá ẹnu ọ̀nà dígí pápákọ̀. Ẹ ò sì ní mọ èwo.”

“Màmá,” Onílẹ̀kùn wí, “ẹ máa sọ fún wa tí ẹ bá débẹ̀, àbí?”

Màmá fi téèpù kọ́ ọrùn. Màṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀.


16

Ìdájọ́ tó ga jù nìyẹn. Wọn kì í ta kò ó.


17

Ọjọ́bọ̀, pápákọ̀ bàálù.

Gbọ̀ngàn náà ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Màmá wọ ẹ̀wù tó rán fúnra rẹ̀, bàtà búlúù lẹ́sẹ̀. Ó sì fi àbàwọ́n ọ̀dà ògiri kan, tó lẹ̀ mọ́ ọn léjìká nígbà tó gbé àpótí, sílẹ̀ láìnù. Ọ̀kẹ́rẹ́ rò pé ó gbàgbé ni. Onílẹ̀kùn rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Báyìí ni ẹjọ́ tuntun ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdí òṣùwọ̀n ẹrù.

Ẹnu ọ̀nà dígí wà níwájú. Onílẹ̀kùn fi àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀ wò. Kì í gba ẹnu ọ̀nà kankan láìṣe bẹ́ẹ̀. Ó mi orí. “Àlàfo wà níbí yìí.”

“Bọ̀dá mi, dígí ni. Kì í fò.”

“Àlàfo ni àlàfo.”

Màmá gbá wọn mọ́ra, ọ̀kan lápá kan, ọ̀kan lápá kejì. Ó ga díẹ̀ ju Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, ó kéré gan-an sí Onílẹ̀kùn, nítorí náà irun imú ọ̀kan àti àtàrí èkejì ló rí nígbà kan náà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú dígí lọ. Ó yà sí ọ̀tún. Níbẹ̀ ni bàálù Àṣá wà. Ọ̀kẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀.

Màmá dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ìdè bàtà rẹ̀ ṣe. Ó yà sí òsì. Onílẹ̀kùn di ojú.

Màmá bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé wọ́n ń wo òun, ó sì wọ ilé ìtọ̀ obìnrin lọ.

Wọ́n dúró títí. Èrò wọlé, èrò jáde. Wọn kò rí i mọ́.


18

Ẹ̀yìn wáyà pápákọ̀ náà, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn bàálù ti máa ń dúró wò ó.

Èyí tó kọ́kọ́ jáde sójú ọ̀nà ni ti Àwòdì. Ó dúró lórí ìlà, ó gba ìmí, ó sáré. Ọ̀kẹ́rẹ́ di wáyà mú. Ṣùgbọ́n ohun tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yà á lẹ́nu ju bàálù lọ: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òṣìṣẹ́ Àṣá látòkè délẹ̀, gbé apá méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ tó fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ.

“Bọ̀dá mi, tiwa nìyẹn o.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀ ń juwọ́ sí Àwòdì.”

“Màmá lè wà níbẹ̀.” Kò rẹ apá sílẹ̀. “Ṣé apá yẹn… ìwọ lo dí i?”

“Ó lè jẹ́ èmi. A pọ̀ níbẹ̀.”

“Ó dúró dáadáa,” Onílẹ̀kùn wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí eyín tó ti ń mì tipẹ́.

Kò pẹ́, ti Àṣá jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò dúró kí ó gbéra. Ó gun òkúta kan, ó ń juwọ́, ó ń fò sókè, fìlà iṣẹ́ Àwòdì bọ́ lórí rẹ̀, ó ṣubú sínú koríko, kò wò ó. Ó pariwo sí ojú ọ̀run pé, “Ìlẹ̀kùn bọ̀dá mi nìyẹn,” kò sì sí ẹni tó bi í.

Ẹ̀ṣọ́ kan rìn wá bá wọn.

“Ta lẹ̀ ń juwọ́ sí?”
“Màmá wa.”
“Ṣé èyí tó lọ ṣáájú ni wọ́n wà, àbí èyí?”
“A ò mọ̀.”

Ẹ̀ṣọ́ náà ro ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí.

Òun náà juwọ́.


19

Ìwé ìròyìn méjì, òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lórí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ kan náà.

ILÉ-ẸJỌ́ ÒWÒ DÁ ÀṢÁ LÁRE

               ILÉ-ẸJỌ́ ÒWÒ DÁ ÀWÒDÌ LÁRE

Ohun tí ilé-ẹjọ́ náà sọ ni pé àwọn méjèèjì gba ohun tí kò tọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì bu owó ibodè tó bá wù ú lé ẹnì kejì. Wọ́n ṣe àjọyọ̀ ní etí odò méjèèjì. Wọ́n pín ohun mímu ní Àṣá. Wọ́n pín ohun mímu ní Àwòdì. Wàràkàṣì kò sí níbi kankan, ó ti wọ́n jù.


20

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohùn Màmá Òkèèrè, nínú gúrúùpù ILÉ WA:

“Wọ́n ti ṣí i. Mo ti rí àbúrò mi. Ó ti di arúgbó, kò sì sọ fún mi.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín ni, ẹ̀rín àwọn méjì, títí ohùn náà fi tán.


21

Lọ́jọ́ náà, yàrá ìránṣọ. Fóònù wà lórí màṣíìnì. Onílẹ̀kùn jókòó sórí àga tí Ọ̀kẹ́rẹ́ rà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ọ̀KẸ́RẸ́: Màmá, kó tó gbéra, ṣé ẹ gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bí ajá tó ń gbó? Tiwa ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.
MÀMÁ: Mo gbọ́ ọmọ tó ń sunkún. Wọ́n fún un ní súìtì.
ONÍLẸ̀KÙN: Fèrèsé ńkọ́? Ṣé orí ẹ̀ rí róbótó, àbí ó gùn?
MÀMÁ: Àwọsánmà ló wà níbẹ̀.
ONÍLẸ̀KÙN: Fèrèsé ni mò ń bi yín, Màmá.
MÀMÁ: Mo ti dá ẹ lóhùn. Àwọsánmà ló wà nínú ẹ̀.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Ṣé ẹ wo apá ẹ̀?
MÀMÁ: Mo wò ó títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ó ń mì. Mo bi ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi pé ṣé kò ní já. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó sùn, èmi á máa ṣọ́ ọ. Kò jò.
ONÍLẸ̀KÙN: Ìlẹ̀kùn?
MÀMÁ: Ọmọbìnrin kan ló tì í. Ọwọ́ kan. Mo ní kó jẹ́ kí n fi bébà wò ó. Ó ní kí n lọ jókòó.
ONÍLẸ̀KÙN: (ó fi àtàǹpàkò tọ́ etí màṣíìnì wò)
MÀMÁ: Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin náà léèrè. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi bí òkè àwọsánmà ṣe rí? Funfun lọ rẹrẹẹrẹ, bí ìgbà tí mo bá tẹ́ odindi aṣọ tí mi ò tíì gé. Oòrùn wá wà lórí ẹ̀ bí ẹni tó ni ilé. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú fi ń tì mí. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń jà, ẹ ò sọ ọ́.
Ọ̀KẸ́RẸ́: A ò mọ̀, Màmá.
MÀMÁ: Ẹ ò mọ̀ kẹ̀?
ONÍLẸ̀KÙN: A ò wọ̀ ọ́ rí.


22

(Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn ò wọ̀ ọ́ rí. Mi ò kàn mọ ibi tí mo lè sọ ọ́ sí. Ẹni tó ń ṣe é, tó bá parí ọ̀kan, òmíràn á ti wà níwájú rẹ̀.)


23

MÀMÁ: Ó dáa. Ẹ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ wá, kí òun fi ojú tuntun wò yín. Lẹ́yìn náà, ká jọ padà. Àwa mẹ́ta. Bàálù wo la máa wọ̀?
ONÍLẸ̀KÙN: Àwòdì.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Àṣá.
ONÍLẸ̀KÙN: Rárá o. Mo fẹ́ rí ibi tí o máa ń rá wọ̀.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Bọ̀dá mi, Àṣá ni. Ìlẹ̀kùn yẹn, mo fẹ́ rí i nígbà tí wọ́n bá ń tì í.
ONÍLẸ̀KÙN: Èmi lẹ̀gbọ́n, mo ti ní Àwòdì.
Ọ̀KẸ́RẸ́: Tí ẹ bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà fún àbúrò yín. Àṣá.
BÀBÁ KÉKERÉ: (láti ẹnu ọ̀nà) Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin—
ÀWỌN MÉJÈÈJÌ: Bàbá Kékeré.

Màmá gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì níbẹ̀, kò pa á. Wọ́n ń gbọ́ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ara wọn, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí: hun-un, irun rẹ, hun-un, ẹ̀yin náà ẹ wo ọrùn yín; níbí, nínú yàrá ìránṣọ, Onílẹ̀kùn ń to àǹfààní Àwòdì lórí ìka, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń to ti Àṣá, ohùn ń gun ohùn, Bàbá Kékeré sì ti ń ṣí aṣọ oníbàárà kúrò lórí àga kí òun náà lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ yìí dáadáa, nítorí…